Ohun Tí A Bá Fún Ẹja, Omi Ló Kọ́kọ́ Ń Gbà Á

Oúnjẹ ẹja ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: bí a ṣe lè fi ohun tó ti oko wa ní Òkè-Ògùn wá ṣe é nílé, kí ó dára fún ẹja, kí ó má ba omi jẹ́, kí ó sì dín ìnáwó kù. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń sin àrọ̀ nínú táńkì tàbí tapólì lẹ́yìnkùlé. Ó kan ẹni tó ń sin ẹpìyà nínú adágún. Ó sì kan ọmọ iléèwé tó ní ẹja wẹ́wẹ́ méjì mẹ́ta nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa bírò àti ìwé sún mọ́ ara yín, nítorí a máa tó ka òṣùwọ̀n.

Gbogbo ẹni tó ń sin ẹja ló mọ̀ pé oúnjẹ ni ìnáwó tó tóbi jù. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí a bá ná kí àrọ̀ tó tó tà, oúnjẹ nìkan a máa gbé 60 sí 70 náírà lọ, ìgbà mìíràn a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára oúnjẹ tó ń léfòó lójú omi, àwọn kan ń ti òkè òkun wá, bí irú Coppens ti ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sí dọ́là sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, owó orí àpò ti fò sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tiwọn ní Nàìjíríà náà ń ra àgbàdo àti sóyà ní ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe pa táńkì tì, kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́, owó àpò oúnjẹ ló ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú àpò náà. Sóyà ni, àgbàdo ni, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni, ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Òróró díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, fítámìn, àti ohun tó ń mú egungun le. Mélòó nínú wọn ni Òkè-Ògùn kò ní? Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà wò ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, kò sì ṣe dáadáa nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, n'Ìbàdàn kan náà, ṣe irúgbìn tí wọ́n ń pè ní TGx. Irúgbìn yìí bá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti wà nínú ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n ń bá a fa ajílẹ̀ inú afẹ́fẹ́ sínú gbòǹgbò rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì ní láti ra kòkòrò kankan kún un. Lónìí, sóyà ń ti oko wa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ó sì ń padà wá bá wa nínú àpò oúnjẹ ẹja àti oúnjẹ adìẹ. Àwa la ń san owó ọkọ̀ àlọ, àwa la tún ń san ti àbọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun èlò nílé ọ̀tọ̀, oúnjẹ tó jinná ọ̀tọ̀. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Wọ́n da àgbàdo, èérí ògì àti gààrí tó kù pọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dà á sínú táńkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ omi ń rùn, ẹja kò dàgbà, orí rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ tín-ín-rín. Ni wọ́n bá ní oúnjẹ ilé kò dára. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe oúnjẹ nílé ló fa ìṣòro náà. Ohun tó fà á ni ohun tí oúnjẹ náà ṣe sí omi, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí á dúró sí.

Bí a bá fún ewúrẹ́ tàbí adìẹ ní oúnjẹ tí kò dára, yóò fi í sílẹ̀ nínú ọpọ́n, a ó gbá a dànù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi tí ẹja fi ń mí ni a ń da oúnjẹ rẹ̀ sí. Èyí tí kò bá jẹ yóò yọ́, yóò sì rà nísàlẹ̀. Èyí tó jẹ tí kò dà nínú rẹ̀ yóò gba ìdí rẹ̀ jáde sínú omi kan náà. Èyí tó dà ńkọ́, tí ara rẹ̀ kò rí lò? Ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni yóò gbà jáde, yóò sì di amóníà nínú omi. Amóníà yìí ń jó ẹja lára, kì í jẹ́ kó jẹun, bó bá sì pọ̀, ó ń pa á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí náà tún ń lo atẹ́gùn inú omi tán. Àrọ̀ lè yọrí sókè kó mí atẹ́gùn òde, nítorí Ọlọ́run fún un ní ohun ìmí mìíràn lókè ojú ìmí inú omi. Ṣùgbọ́n ẹpìyà àti ọ̀pọ̀ ẹja inú gíláàsì kò ní irú rẹ̀. Àrọ̀ pàápàá, bó tilẹ̀ ń mí lókè, inú amóníà náà ló ṣì ń gbé.

Ní Òkè-Ògùn tiwa, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ibòmíràn lọ. Orí àpáta la wà. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bóńhóòlù mìíràn á máa yọ omi díẹ̀díẹ̀, títí òjò yóò fi padà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń ba omi jẹ́ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi lóòrèkóòrè, omi ẹ̀ẹ̀rùn sì jẹ́ owó lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé oúnjẹ ẹja kalẹ̀ níwájú yín, ì báà jẹ́ ti ọjà, ì báà jẹ́ ti ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: kí ni yóò ṣe sí omi? Ohun mẹ́rin ló ń dáhùn ìbéèrè náà. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni pùrótéènì, èròjà tó ń mú ẹran ara dàgbà. Àrọ̀ kì í ṣe ẹran tó ń jẹ koríko. Kòkòrò, ẹja kékeré àti ohun ẹlẹ́mìí ló ń jẹ nínú odò. Oúnjẹ àrọ̀ tó ti tóbi díẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pùrótéènì tó tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹpìyà ń jẹ ewé omi pẹ̀lú, nǹkan bí 30 tó fún un. Àgbàdo kò ní ju 9 lọ. Gààrí àti láfún kò tó 3. Ìdí nìyẹn tí ẹja tó ń jẹ ẹ̀bà àti búrẹ́dì kò fi lè dàgbà. Sóyà odidi ní nǹkan bí 38. Kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ dáadáa ní nǹkan bí 42. Ẹja gbígbẹ tó dára, tí a lọ̀ kúnná, lè ní tó 65.

Ẹ máa fi etí sí èyí náà: kì í ṣe pé kí pùrótéènì pọ̀ nìkan ni, ó gbọ́dọ̀ pé. Oríṣiríṣi èròjà kéékèèké ló para pọ̀ di pùrótéènì. Sóyà kò ní tó nínú èyí tí wọ́n ń pè ní methionine. Àgbàdo kò ní tó nínú èyí tí wọ́n ń pè ní lysine. Ẹja gbígbẹ ní méjèèjì. Bí ọ̀kan bá dín, ara ẹja kò ní lè fi ìyókù kọ́ ẹran. Yóò dáná sun ún bí ìgbà tí èèyàn ń sun igi, eérú rẹ̀ ni amóníà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń po nǹkan mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, kí ohun tí ọ̀kan kò ní lè wà lára èkejì.

Ibo la ti máa rí ẹja gbígbẹ tí owó rẹ̀ kò ní gun orí wa? Ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jáde láti ìdíídò Ìkéré Gorge lẹ́bàá Ìsẹ́yìn wà. Ẹja fífọ́ àti orí ẹja tó kù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wà. Ìdọ̀tí edé wà lọ́jà. Ẹni tó bá ní sùúrù lè sin ìdin lórí ìgbẹ́ adìẹ tàbí lórí èso jíjẹrà. Tí a bá fọ̀ ọ́, tí a fi omi gbígbóná pa á, tí a sì sá a gbẹ, ó lè ní pùrótéènì 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe dà á sínú omi láàyè pẹ̀lú ìgbẹ́ lára. Ẹ̀jẹ̀ màlúù láti odò ẹran náà dára bí a bá sè é tó dì, tí a sá a gbẹ tí a lọ̀ ọ́. Ó lè ní tó 80. Ṣùgbọ́n pùrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ kò pé rárá, ẹ má jẹ́ kó ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ lọ. Òkú adìẹ ńkọ́? Ẹ má dà á sínú táńkì. Àrùn tó pa adìẹ yẹn ni ẹ ń bù sínú omi, àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ yín sì ń wò yín.

Èkejì ni sísè tàbí yíyan. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tó máa ń dènà kí oúnjẹ dà nínú ẹran. Bí a bá lọ̀ ọ́ ní tútù, ẹja yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú omi. Iná ló ń pa ohun náà. Ẹ lè se sóyà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ẹ sá a gbẹ táútáú. Ẹ sì lè yan án nínú yanrìn gbígbóná bí a ti ń yan ẹ̀pà, títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa là, tí òórùn tútù yóò kúrò, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jóná. Sóyà tó dúdú ti pàdánù lysine tí à ń wá.

Ẹ̀kẹta ni kí ohunkóhun tó ti bu má wọ inú oúnjẹ. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún tòlótòló tó kú lójijì. Ìgbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò, ẹ̀pà tó ti bu, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Brazil láti fi ṣe oúnjẹ wọn, ló fà á. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ní Amẹ́ríkà, kókó ń yọ lára ẹ̀dọ̀ ẹja trout tí wọ́n ń sìn, májèlé yìí kan náà ni wọ́n bá nínú oúnjẹ wọn. Àrọ̀ le ju trout lọ, kì í tètè kú. Ohun tí a máa rí ni pé kò dàgbà, kò jẹun dáadáa, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lílọ̀ kì í pa májèlé náà, sísè kì í pa á tán. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kúlíkúlí tó ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn bí ilẹ̀ ọ̀rinrin, àgbàdo tó ti dúdú lórí, ẹ má ṣe sọ pé ẹja ni yóò jẹ ẹ́, pé kò burú. Ẹ jù ú nù.

Ẹ̀kẹrin ni kí oúnjẹ náà mú ara rẹ̀ pọ̀ nínú omi. Ìyẹ̀fun tí a fọ́n sójú omi, ìdá kékeré ló ń dé ẹnu ẹja. Sítáàṣì gbágùúdá ni yóò bá wa dì í pọ̀, bí a bá fi omi gbígbóná rò ó.

Ó yá, ẹ mú bírò. Òṣùwọ̀n kìlò 10 ni a fẹ́ kà, fún àrọ̀ tó ti kúrò ní wẹ́wẹ́. Mo máa rọra kà á.

Ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, kìlò 2 àti gíráàmù 200.
Sóyà tí a ti yan tàbí tí a ti sè tó gbẹ, kìlò 3 àti gíráàmù 600.
Kúlíkúlí tí kò ní ata, tí kò sì ní iyọ̀, kìlò 2 àti gíráàmù 400.
Àgbàdo, kìlò 1 àti gíráàmù 200.
Sítáàṣì gbágùúdá, gíráàmù 300.
Epo pupa, gíráàmù 100.
Egungun tí a sun tí a lọ̀, gíráàmù 125.
Premix ẹja, ìyẹn àpòpọ̀ fítámìn àti èròjà mìíràn, gíráàmù 50.
Iyọ̀, gíráàmù 25.

Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kìlò 10 géérégé ni. Bí ẹ bá sì ṣírò pùrótéènì inú ẹja gbígbẹ, sóyà, kúlíkúlí àti àgbàdo náà, yóò jẹ́ kìlò 3 àti bíi gíráàmù 900, ìyẹn 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Epo pupa kò pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé òróró ti wà nínú sóyà odidi. Premix yẹn, ẹ rí i pé ti ẹja ni ẹ rà. Adìẹ lè fi ara rẹ̀ ṣe fítámìn C. Ọ̀pọ̀ ẹja kò lè ṣe é, bí kò bá sì sí nínú oúnjẹ wọn, ẹ̀yìn wọn á máa tẹ̀, egungun wọn á máa kán. Premix adìẹ lè ṣàìní in rárá.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ kó sóyà, kúlíkúlí àti àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ wọ́n kúnná bí èlùbọ́. Ẹ kọ́kọ́ po iyọ̀ àti egungun mọ́ ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo díẹ̀, kí ẹ tó dà á mọ́ ìyókù, nítorí ohun díẹ̀ kì í tàn ká inú ohun púpọ̀ bí a bá kàn dà á lé e lórí. Ẹ ro sítáàṣì lórí iná kó ki, ẹ dà á mọ́ ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú epo pupa, ẹ máa pò ó títí yóò fi dì mọ́ra lọ́wọ́ láìtú. Nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi premix sí i, nítorí iná ń ba fítámìn C jẹ́. Ẹ gbé e gba inú ẹ̀rọ ìlọran, ẹ ṣí ihò rẹ̀ sí ìwọ̀n ẹnu ẹja yín. Yóò máa jáde gbọọrọ, ẹ gé e kéékèèké. Ẹ sá a tẹ́ẹ́rẹ́ sórí tapólì mímọ́ lábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kíá ní ìlú wa. Nígbà òjò, ẹ má ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbẹ tó bó bá ṣẹ́ pẹ́kẹ́ láàárín ìka méjì.

Kí ẹ tó fún ẹja, ẹ dán an wò. Ẹ ju ẹyọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ sínú ife omi. Bó bá ti tú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, sítáàṣì kò tó tàbí ìyẹ̀fun kò kúnná. Bó bá ṣì wà ní odidi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ti ṣe é jẹ.

Oúnjẹ ilé máa ń rì, kì í léfòó bí ti ilé iṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń fẹ́ tiwọn. Ìyẹn kò dun àrọ̀: irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò nísàlẹ̀, ó ń rí oúnjẹ nínú òkùnkùn. Àwa ni kò rí i mọ́ bó bá ti rì. Nítorí náà, ojú kan náà ni kí ẹ máa ju oúnjẹ sí lójoojúmọ́, kí ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ pẹ̀lú okùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ fà á sókè. Bí oúnjẹ bá kù lórí rẹ̀, ẹ dín tọ̀la kù. Bí ẹja yín bá jẹ́ 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn gíráàmù 200, kìlò 20 ni gbogbo wọn. Oúnjẹ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn jẹ́ gíráàmù 600 lójúmọ́. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ẹja ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá rùn tàbí tí òjò ńlá bá mú omi tutù, ẹ dá oúnjẹ dúró.

Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò lè jẹ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí. Ohun tó ń rìn nínú omi ló ń fẹ́. Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja máa ń ra Artemia nínú agolo, ẹyin ẹ̀dá omi iyọ̀ tín-ńtín kan tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti adágún iyọ̀ ńlá ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà wá. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé Alvin Seale, tó ń bójú tó ilé ẹja Steinhart Aquarium ní San Francisco, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han ayé, ní ọdún 1933, pé ọmọ ẹja ń dàgbà dáadáa lórí Artemia. Ẹni tó ń tọ́jú ẹja fún ìran wíwò ló ṣí ọ̀nà tí àwọn tó ń sin ẹja fún jíjẹ ń tọ̀ títí dòní. Bí owó agolo bá ga jù, ẹ bu omi sínú táńkì kan lọ́tọ̀ nínú oòrùn, ẹ so ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ díẹ̀ sínú àpò, ẹ fi kọ́ sínú omi náà. Bí omi bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ bu omi odò díẹ̀ tó ní àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fò sókè-sódò sí i. Wọ́n á bí sí i. Aṣọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi sẹ́ wọn, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, kí ẹ tó dà wọ́n fún ọmọ ẹja.

Ẹ̀yin tó ní ẹja nínú àpótí gíláàsì, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Gbogbo òfin tí a ti kà kàn yín ju ti oní-táńkì lọ, nítorí omi yín kéré. Ohun tí omi adágún lè fara dà, ìdajì rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja inú gíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣáájú ọdún 1955, tí Ulrich Baensch ní ilẹ̀ Jámánì gbé oúnjẹ pẹlẹbẹ TetraMin jáde, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sin ẹja sínú gíláàsì ní Yúróòpù ló ń fi àwọ̀n sẹ́ kòkòrò nínú kòtò omi fún ẹja wọn. Nínú àwọn ẹja tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ ni kribensis wà, ẹja kékeré tó ti odò gúúsù Nàìjíríà wá. Oúnjẹ ilé kì í ṣe àṣà tálákà. Òun ni àwọn ará Yúróòpù pàápàá fi bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù fún yín ni ti ẹyin adìẹ. Ẹ fọ́ ẹyin kan, ẹ lu ú. Ẹ fi ṣíbí edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná méjì sí i, àti ṣíbí ewé mórínga tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí a gún kan. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi iyọ̀, òróró tàbí Maggi sí i. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé bí ẹ ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ sè é títí yóò fi dì. Bó bá tutù, ẹ rin ín lára kó di wínníwínní, ẹ fún ẹja ní ìwọ̀n tó lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ yọ èyí tó bá kù. Ẹ sá ìyókù gbẹ. Ẹja tó ń jẹ koríko, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún tirẹ̀; èyí tó ń jẹ ẹran, ẹ fi edé kún un. Àwọ̀ pupa inú edé máa ń mú kí àwọ̀ ẹja náà ràn sí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó. Ẹja tó ń sáré wá bá yín níwájú gíláàsì lè máà jẹ́ pé ebi ń pa á. Ó ti mọ̀ yín ni.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé oúnjẹ ilé wa ń jèrè? Òṣùwọ̀n ni yóò sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi àwọ̀n kó ẹja mẹ́wàá sínú korobá, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ náà sílẹ̀. Ẹ pín kìlò oúnjẹ sí kìlò ara tí wọ́n fi kún un. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Owó tí mo máa dá kì í ṣe owó ọjà òní. Ká ní kìlò oúnjẹ ọjà jẹ́ 1,800 náírà, tí kìlò kan àti ìdá 2 nínú 10 sì ń fi kìlò kan kún ara ẹja. Owó kìlò ẹja jẹ́ 2,160. Ká ní oúnjẹ ilé jẹ́ 1,000 náírà kìlò kan, tí ẹja sì nílò kìlò kan àti ìdá 8 nínú 10. Owó kìlò ẹja di 1,800. A ti jèrè 360. Ṣùgbọ́n bí sóyà bá tutù, tí kúlíkúlí bá ti bu, tí ẹja wá ń jẹ kìlò méjì àti ààbọ̀ kó tó fi kìlò kan kún ara, ó di 2,500. A ti pàdánù, omi sì ti bàjẹ́. Owó àpò nìkan kò tó í fi dájọ́.

Ohun tí ó kù ni àsìkò. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni sóyà ń jáde lóko wa, ìgbà náà ló dínwó jù, àkókò náà sì ni ọyẹ́ ń bọ̀ tí oúnjẹ ń gbẹ kíá. Ẹ ra sóyà àti àgbàdo nígbà náà, ẹ tọ́jú wọn ní odidi, lórí pákó, kí ilẹ̀ má fa ọ̀rinrin sí wọn. Èyí tí ẹja yóò jẹ láàárín oṣù kan ni kí ẹ máa lọ̀. Ilé mẹ́ta mẹ́rin lè dáwó ra ẹ̀rọ ìlọran kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè fi owó ra ẹja gbígbẹ lọ́pọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bákan náà, mo bẹ àwọn olùkọ́ wa ní Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí, àti ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn Yunifásítì LAUTECH ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí wọn fún àgbẹ̀ tó bá gbé ẹ̀kún ọwọ́ oúnjẹ ẹja wá láti mọ pùrótéènì inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ iléèwé lè fi kọ́ṣẹ́ ni, èrè rẹ̀ yóò sì dé táńkì bàbá rẹ̀.

Ẹ má fi gbogbo ẹja yín dán oúnjẹ ilé wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ya ogún sọ́tọ̀ nínú táńkì kékeré, ẹ fún wọn ní oúnjẹ ilé fún oṣù kan, kí àwọn yòókù máa jẹ ti ọjà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ìparí oṣù, ẹ fi òṣùwọ̀n wé ara wọn, ẹ gbóòórùn omi méjèèjì, ẹ ó mọ èyí tí ẹ ó mú. Sóyà wa, ẹ̀pà wa, àgbàdo wa àti gbágùúdá wa tó láti bọ́ ẹja wa, bí a bá fi ìmọ̀ sè wọ́n.